Mo fẹ́ rìnrìn àjò lọ sókè òkun, vape mi ńkọ́? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí n tó di ẹrù

Arìnrìnàjò_Kékeré:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́ ìbéèrè kan ló ń dà mí láàmù, mo ti kà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì títí ojú fi ń ro mí, ẹni tó bá sọ tibí, ẹlòmíì á sọ tọ̀hún. Iṣẹ́ ló ń rán mi lọ sí Thailand fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, kọ́ọ̀sì kan ni wọ́n ní kí n lọ ṣe, tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n rà fún mi máa gba Singapore kọjá, màá sì dúró níbẹ̀ fún bíi wákàtí mẹ́sàn-án kí bàálù kejì tó gbéra. Mo ti ń rò ó pé màá jáde wọ ìlú lọ wòran díẹ̀ kí n tó padà wá wọ bàálù.

Vape mi, ìyẹn sìgá oníbátìrì, ni ìṣòro mi. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi mu sìgá, páálí kan lójúmọ́, ìgbà tí mo fẹ́ fi sílẹ̀ kò lóǹkà, ó sì ń dá mi padà ni gbogbo ìgbà. Ó di oṣù mẹ́rìnlá báyìí tí mo ti fẹnu kan sìgá kẹ́yìn, vape yìí ló sì yọ mí. Torí náà kì í ṣe fáàrí ni mo fẹ́ fi ṣe lọ́hùn-ún, ẹ̀rù ló ń bà mí pé bí n ò bá mú un dání, ọjọ́ kẹta kò ní pé tí màá fi lọ ra sìgá.

Ohun tó wà lọ́wọ́ mi rèé: ẹ̀rọ kan tó ń lo bátìrì 18650 méjì tó ṣeé yọ, bátìrì méjì mìíràn tí mo fi ń pààrọ̀ wọn, disposable (vape àlòdànù) méjì tí mi ò tíì ṣí, àti júùsì, omi tí wọ́n ń rọ sínú vape, ìgò márùn-ún, 30 ml ni ìkọ̀ọ̀kan. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n kàn wé gbogbo ẹ̀ sínú ìbọ̀sẹ̀, kí n kì í bọ àárín aṣọ nínú àpótí ńlá, pé tó bá ti wọ ikùn bàálù, ta ló fẹ́ rí i. Ẹlòmíì ní kí n fi sápò ṣòkòtò. Èwo ni kí n ṣe? Àti pé ṣé wọn ò ní gbẹ́sẹ̀ lé e tí mo bá dé ọ̀hún? Ẹ jọ̀ọ́ ẹ dá mi lóhùn, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló kù.

Bàbá_Bátìrì:

Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ o. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbá ọ̀rọ̀ ìbọ̀sẹ̀ yẹn dànù ná, torí òun ló bà mí lẹ́rù jù nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ. Ẹ ò gbọdọ̀ fi vape tàbí bátìrì ẹ̀ sínú àpótí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ yín nídìí ìwọ̀n. Kì í ṣe ìlànà iléeṣẹ́ bàálù kan ṣoṣo nìyẹn o, ICAO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfurufú, ló fòfin dè é láti ọdún 2015. Ọwọ́ ni kẹ́ ẹ ti mú un, inú báàgì tẹ́ ẹ máa gbé wọ inú bàálù tàbí lára yín.

Iṣẹ́ mi ni títún irú ẹ̀rọ báyìí ṣe, mo sì ti fojú ara mi rí bátìrì lithium tó gbiná, kò jọ iná igi, kò jọ iná epo rárá. Tí ó bá ti bàjẹ́ nínú, tàbí tí irin kan so orí àti ìdí ẹ̀ pọ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, ooru yẹn á tún máa bí ooru mìíràn, èyí tó gbóná á ran ti ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, kẹ́ ẹ tó pajú pẹ́ẹ́ èéfín ti ń tú jáde, iná ti tẹ̀ lé e. Wọ́n ní gáàsì tí wọ́n fi ń paná nínú ikùn bàálù, halon ni wọ́n ń pè é, ó lè pa èyí tó ń jó lójú, àmọ́ ooru tó ń ti inú bátìrì fúnra ẹ̀ jáde, kò lè dá a dúró. Tó bá jẹ́ òkè níbi táwọn èèyàn jókòó sí ló ti ṣẹlẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ bàálù á tètè rí i, wọ́n á da omi lé e kó tutù, wọ́n á gbé e síbi tí kò ti ní ran nǹkan míì. Ẹ wá fojú inú wo tiyín nínú ìbọ̀sẹ̀, láàárín aṣọ tó gbẹ, nísàlẹ̀ ibi tí ẹnikẹ́ni ò sí. Ẹni tó gbà yín nímọ̀ràn yẹn kò mọ ohun tó ń sọ, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká rógun ẹ̀.

Bí ẹ ṣe máa di í rèé. Ẹ yọ bátìrì méjèèjì kúrò nínú ẹ̀rọ, kí ẹ kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú àpò ike kékeré tí wọ́n ṣe fún un, kí ìkọ̀ọ̀kan wà ní yàrá tiẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ tàbí owó wẹ́wẹ́ inú àpò ṣòkòtò tó lè sáré kan orí ẹ̀ ni mò ń sá fún, irú ẹ̀ ti jó èèyàn nítan rí, ìyẹn ni mo fi ní kẹ́ ẹ má fi bátìrì lásán sápò. Tí bátìrì kan bá wà tí awọ ara ẹ̀ ti ya, ẹ má gbé e rìn rárá. Disposable yẹn ni mi ò fẹ́ràn fún ìrìn àjò, bátìrì inú ẹ̀ kò ṣeé yọ, ọ̀pọ̀ wọn ni kò sì ní bọ́tìnnì tẹ́ ẹ lè fi pa á, èémí ló ń tan án. Tó bá di dandan pé ẹ mú un, ẹ fi í sílẹ̀ nínú páálí ẹ̀ pẹ̀lú ohun tí wọ́n fi dí i lẹ́nu.

Nípa agbára bátìrì, òfin ní kò gbọdọ̀ ju 100 Wh (watt-hour, ìwọ̀n agbára tí bátìrì kan lè gbà) lọ, kò sì lè dé bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ yín. Ẹ mú iye mAh tí wọ́n kọ sára bátìrì, ẹ pín in sí ẹgbẹ̀rún, ẹ fi volt ẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀. Tí tiyín bá jẹ́ 3,000 mAh, 3 lọ́nà 3.7 ni, 11.1 Wh péré. Kò sẹ́ni tó máa yọ yín lẹ́nu lórí ìyẹn. Ohun tí wọn ò ní gbà ni pé kẹ́ ẹ mu ún tàbí kẹ́ ẹ ṣájì ẹ̀ nínú bàálù.

Ohun kan tún wà táwọn èèyàn kì í rántí. Nígbà míì bàálù á kún, wọ́n á ní kẹ́ ẹ gbé báàgì ọwọ́ yín wá lẹ́nu ọ̀nà kí àwọn bá yín kó o sísàlẹ̀. Ojú ẹsẹ̀ ni kẹ́ ẹ ṣí i kẹ́ ẹ yọ vape àti gbogbo bátìrì jáde, kẹ́ ẹ dì í mọ́ra. Mo máa ń kó tèmi sínú àpò pẹlẹbẹ kan lókè pátápátá kí n má bàa máa tú ẹrù níwájú èèyàn.

Júùsì: 30 ml kò ní wàhálà, torí 100 ml ni òpin ohun olómi kọ̀ọ̀kan ní ọ̀pọ̀ ẹ́ápọ́ọ̀tù, inú ọ̀rá kan ṣoṣo tó mọ́ gaara, tí kò ju lítà kan lọ, ni wọ́n sì fẹ́ kó gbogbo ẹ̀ wà, pẹ̀lú ọṣẹ ìfọyín àti ìpara yín. Kẹ́ ẹ sì da júùsì inú táǹkì, ibi tí júùsì ń wà lára ẹ̀rọ, nù kẹ́ ẹ tó wọ bàálù. Afẹ́fẹ́ inú bàálù lókè dà bí ìgbà téèyàn bá dúró lórí òkè tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 6,000 sí 8,000, afẹ́fẹ́ tó há sínú táǹkì á wú, á ti júùsì jáde gba ihò tó bá rí, aṣọ yín á tutù rẹ̀kẹ̀rẹ̀kẹ̀, ara á sì máa yún yín tí júùsì náà bá le.

Tọ́ílẹ́ẹ̀tì bàálù: ẹ má dán an wò láéláé. Ẹ̀rọ tó ń gbọ́ òórùn èéfín wà níbẹ̀, èéfín vape sì lè mú un dún. Kẹ́ ẹ sì rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ lóṣù keje ọdún 2018, bàálù Air China kan tó ń ti Hong Kong lọ sí Dalian, igbákejì awakọ̀ ló ń mu vape nínú yàrá ìwakọ̀, ó fẹ́ pa fáànù kí èéfín má bàa dé ọ̀dọ̀ àwọn èrò, ló bá ṣèèṣì pa èyí tó ń fa afẹ́fẹ́ wọ inú bàálù. Ìsọ̀kalẹ̀ kíákíá ni wọ́n sọ̀, gbogbo ìbòmú afẹ́fẹ́ já bọ́ lójú àwọn èrò. Nítorí fífà kan ṣoṣo.

Ọ̀nà_Jìn:

Gbogbo ohun tí Bàbá sọ ló tọ̀nà, àmọ́ bàálù nìkan ni wọ́n sọ̀rọ̀ ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má tíì di ẹrù. Òfin méjì ló wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, wọn ò sì mọ ara wọn rí. Òfin bàálù ń bèèrè pé ṣé kò ní gbiná. Òfin ìlú tẹ́ ẹ fẹ́ balẹ̀ sí ń bèèrè pé ṣé wọ́n fẹ́ rí i lórí ilẹ̀ wọn rárá. Àwọn tó máa yẹ báàgì yín wò níbi tẹ́ ẹ ti gbéra, ti bàálù nìkan ni wọ́n ń wò, wọ́n á fi ẹ̀rín gbà yín kọjá, ẹ ó wá gbà pé kò sí wàhálà mọ́, ìgbà tẹ́ ẹ bá balẹ̀ lọ̀rọ̀ ń bẹ̀rẹ̀.

Nínú gbogbo ibi téèyàn lè gbé vape lọ, ẹ ti mú méjì lára àwọn tó le jù. Thailand ti fòfin de kíkó o wọlé láti ọdún 2014, ẹ̀wọ̀n lórí ẹ̀ sì lè tó ọdún 10. Mi ò ní gbogbo ẹni tí wọ́n bá mú ló ń ṣẹ̀wọ̀n o, àmọ́ ohun tó wà nínú ìwé òfin wọn nìyẹn, àlejò sì ni yín. Ní Singapore, kì í ṣe títà nìkan ni wọ́n fòfin dè, kó tiẹ̀ wà lápò yín lásán, ẹ̀ṣẹ̀ ni, láti oṣù kejì ọdún 2018 ló ti rí bẹ́ẹ̀. Lóṣù kẹsàn-án ọdún 2025 wọ́n tún mú un le sí i, àgbàlagbà tí wọ́n bá kọ́kọ́ ká a mọ́ lọ́wọ́ á san dólà Singapore 700, àlejò tó bá sì ń tún un ṣe, wọ́n lè lé e kúrò kí wọ́n sì ní kò gbọdọ̀ wọ̀lú àwọn mọ́. Torí náà ọ̀rọ̀ pé ẹ fẹ́ jáde lọ wòran ní wákàtí mẹ́sàn-án yẹn, tí vape bá wà nínú báàgì yín, ẹ gbàgbé ẹ̀.

Ìdí tí mo fi ń kọ ọ́ pẹ̀lú agbára báyìí ni pé mo ti jìyà ẹ̀ rí. Mi ò ní dárúkọ ibẹ̀. Mò ń kọjá lọ síbòmíì ni, mi ò tiẹ̀ ní ohun kan í ṣe ní orílẹ̀-èdè yẹn, tíkẹ́ẹ̀tì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo rà kó lè dín lówó, mi ò sì mọ̀ pé tíkẹ́ẹ̀tì bá ti jẹ́ méjì, wọ́n lè má gbé ẹrù mi kọjá tààrà, èmi fúnra mi ni màá gbà á kí n tún lọ fi í sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Àti gba ẹrù, ó di pé mo gbọ́dọ̀ kọjá níwájú imigírésọ̀n àti kọ́sítọ́ọ̀mù wọn bí ẹni tó wọ̀lú. Ẹ̀rọ tó ń wo ẹrù fi vape mi hàn gbangba. Wákàtí mẹ́ta ni mo fi jókòó sínú yàrá kan tí kò ní fèrèsé, wọ́n ń gba ìwé mi wò, wọ́n ń bi mí léèrè ọ̀rọ̀ kan náà lọ́nà mẹ́ta mẹ́rin, mo san owó ìtanràn, wọ́n gba ẹ̀rọ, bàálù mi sì lọ. Owó yẹn kọ́ ló dùn mí jù. Orúkọ mi tó ti wà nínú ìwé wọn báyìí ló ń dùn mí, torí fọ́ọ̀mù físà kan wà tó máa ń bèèrè bóyá ìlú kan ti fi ẹ̀sùn kàn mí rí.

Fún ẹlòmíì tó ń kà á: Íńdíà fòfin dè é pátápátá lọ́dún 2019, àti títà àti kíkó wọlé. Bràsíìlì ti fòfin dè é láti ọdún 2009, wọ́n tún tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lọ́dún 2024 pé èyí tó wà nínú ẹrù arìnrìn-àjò pàápàá wà nínú ẹ̀. Hong Kong ò gbà kẹ́ ẹ kó o wọlé láti ọjọ́ 30 oṣù kẹrin ọdún 2022, Maldives bẹ̀rẹ̀ tiwọn lóṣù kọkànlá ọdún 2024, Vietnam tẹ̀ lé e ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025. Ọsirélíà ní tiwọn gbà á fún arìnrìn-àjò àmọ́ wọ́n ka iye ẹ̀: ẹ̀rọ méjì, pod (ike kékeré tí júùsì ń wà nínú ẹ̀) tàbí irú ẹ̀ 20, júùsì 200 ml, ìlò tara ẹni tàbí ti ẹni tẹ́ ẹ jọ ń rìn nìkan. Jàpáànì ka júùsì tó ní nicotine, èròjà inú sìgá tó ń di bárakú, sí oògùn, 120 ml ni wọ́n gbà fún ìlò ara ẹni. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Bẹ́ljíọ̀mù àti Faransé, disposable ni wọ́n fòfin de títà ẹ̀ lọ́dún 2025, èyí tó ṣeé rọ júùsì sí ṣì wà lórí igbá. Àwọn òfin yìí ń yí padà bí oṣù ṣe ń yí, kẹ́ ẹ lọ ka ojú ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù ìlú náà fúnra wọn ní ọ̀sẹ̀ tẹ́ ẹ máa gbéra, ẹ má gbára lé ohun tẹ́nì kan kọ lọ́dún tó kọjá, títí kan èyí tí mo kọ yìí.

Kò_Séwu:

Ẹ má dẹ́rù ba ọkùnrin yìí jù o jàre. Mo ti dé Thailand ní ẹ̀ẹ̀mejì, vape mi wà nínú báàgì ọwọ́ mi lọ bọ̀, kò sẹ́ni tó bi mí ní nǹkan kan. Lójú títì pàápàá wọ́n ń tà á, àwọn àlejò ń mu ún níta gbangba. Kó ṣáà mú un kékeré kó má máa fà á níwájú ọlọ́pàá.

Ọ̀nà_Jìn:

Arákùnrin, mo gbà pé ẹ lọ ẹ sì bọ̀, mo dúpẹ́ fún yín pé kò sí nǹkan kan. Àmọ́ pé wọ́n ń tà á lójú títì kò sọ pé òfin gbà á. Ọlọ́pàá tó ń kọjá níwájú ẹni tó ń tà á láàárọ̀ lè dá ẹni tó rà á dúró lálẹ́, bí wọ́n bá ní kí àlejò sanwó, ta ló fẹ́ bá a bẹ̀bẹ̀? Lọ́dún 2025 ni ìjọba wọn tún gbógun tì í gidigidi, wọ́n ń wọ inú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ń kó o. Tó bá jẹ́ ìgbádùn ló gbé e lọ, òun ló máa pinnu fúnra ẹ̀. Iṣẹ́ ló rán an yìí. Tí wọ́n bá mú un, ọ̀gá ẹ̀ níbi iṣẹ́ ni wọ́n máa kọ́kọ́ pè.

Arìnrìnàjò_Kékeré:

Ẹ̀yin àgbà, mo ti ka gbogbo ẹ̀, ẹ ṣeun púpọ̀, inú mi ò dùn àmọ́ ojú mi ti là. Mi ò mọ̀ rárá pé Singapore le tó bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè méjì ló kù. Tí mo bá mú júùsì tí kò ní nicotine rárá ńkọ́, ṣé ìyẹn náà jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀? Èkejì, tí n kò bá wá mú nǹkan kan dání, báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣe é? Mo sọ fún yín pé páálí kan lójúmọ́ ni mo ń mu. Ìyàwó mi àtàwọn ọmọ ti ń yangàn fún àwọn èèyàn pé bàbá àwọn ti fi í sílẹ̀. Bàálù gígùn, ibi tí mi ò mọ̀, iṣẹ́ tó le, gbogbo nǹkan tó ń jẹ́ kí n fà á tẹ́lẹ̀ ló pàdé síbẹ̀ yẹn, ẹ̀rù ń bà mí tọkàntọkàn.

Ọ̀nà_Jìn:

Ẹ̀rọ náà fúnra ẹ̀ ni wọ́n fòfin dè ní ìlú méjèèjì, kò kan bóyá nicotine wà nínú júùsì tàbí kò sí. Èyí tó kù, ẹ jẹ́ kí àwọn tó mọ̀ ọ́n dá yín lóhùn.

Nọ́ọ̀sì_Àárọ̀:

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káre. Oṣù mẹ́rìnlá lẹ́yìn ọdún mọ́kàndínlógún, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fojú kéré ẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń ran àwọn tó fẹ́ fi sìgá sílẹ̀ lọ́wọ́ ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ohun tẹ́ ẹ ń bẹ̀rù yẹn, mo máa ń gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn tí ìrìn àjò bá kàn, ó sì ní ọ̀nà àbáyọ.

Ẹ gbọ́, nicotine lara yín ń bèèrè, kì í ṣe ẹ̀rọ yẹn. Ẹ lè fún un ní nicotine lọ́nà míì tó jẹ́ oògùn, tí kò ní bátìrì, tí kò ní èéfín. Pátíìsì wà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ awọ ara, èyí tó ń ṣiṣẹ́ fún wákàtí 16 wà, ti wákàtí 24 náà wà. Ibi tó gbẹ, tí irun ò pọ̀ sí, ni kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́, lápá òkè tàbí láyà, kẹ́ ẹ máa pààrọ̀ ojú ibi tẹ́ ẹ ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ lójoojúmọ́ kí awọ má bàa pọ́n. Tí ti wákàtí 24 bá ń fún yín ní àlá burúkú, ẹ yọ ọ́ kẹ́ ẹ tó sùn. Pátíìsì máa ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ìpìlẹ̀ ni, àmọ́ òùngbẹ tó ń já wọlé lójijì nílò nǹkan tó yá ju ìyẹn lọ, ibẹ̀ ni ṣingọ́ọ̀mù tó ní nicotine ti wúlò. 2 mg wà, 4 mg wà, ẹni tó jẹ́ pé kò tíì pé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó jí tó fi ń wá sìgá, 4 mg ló sábà máa ń bá a mu. Kò léèwọ̀ pé kẹ́ ẹ lo pátíìsì àti ṣingọ́ọ̀mù pọ̀, àwọn méjèèjì papọ̀ ló tiẹ̀ ń ran ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́ jù.

Ṣingọ́ọ̀mù yìí, ọ̀pọ̀ èèyàn kì í lò ó bó ṣe yẹ, wọ́n á wá ní kò ṣiṣẹ́. Wọ́n á rún un kíákíá bíi ti ọmọdé, wọ́n á gbé itọ́ ẹ̀ mì, ikùn á máa ru wọ́n, ọ̀fun á máa ta wọ́n. Inú ẹran ẹnu ni nicotine ẹ̀ ń gbà wọ ara, kì í ṣe inú ikùn. Ẹ rọra rún un títí tó fi máa ta yín lẹ́nu, ẹ wá tì í sí àárín ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti èrìgì, ẹ dúró síbẹ̀, tí títa yẹn bá lọ ẹ tún rún un díẹ̀, bẹ́ẹ̀ títí fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ má mu kọfí tàbí omi ọsàn ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ṣáájú, wọn kì í jẹ́ kó wọlé dáadáa.

Ẹ fetí sí èyí o, torí Singapore tẹ́ ẹ máa gbà. Láti ọdún 1992 ni wọ́n ti fòfin de kíkó ṣingọ́ọ̀mù wọ ibẹ̀, èyí tó jẹ́ ti ìtọ́jú bíi ti nicotine ni wọ́n yọ sílẹ̀ lọ́dún 2004, ọwọ́ apòògùn tàbí dókítà nìkan ni wọ́n sì ti ń rà á lọ́hùn-ún. Kí ọkàn yín lè balẹ̀, ẹ jẹ́ kó jẹ́ pátíìsì nìkan lẹ máa lò fún apá ìrìn àjò yẹn. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ra kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, kẹ́ ẹ fi èyí tó kù sílẹ̀ nínú páálí ẹ̀ pẹ̀lú ìwé tí ilé ìtajà oògùn fún yín. Àwọn àpò nicotine kéékèèké tí wọ́n ń fi sábẹ́ ètè, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀, Singapore ò fẹ́ ẹ náà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó kù yẹn tó. Ẹ lọ rí dókítà tàbí apòògùn yín lọ́sẹ̀ yìí, pàápàá tẹ́ ẹ bá ní àìsàn ọkàn tàbí tẹ́ ẹ bá ń lo oògùn míì. Lẹ́yìn náà ẹ bẹ̀rẹ̀ pátíìsì nílé, ẹ fi vape sílẹ̀ fún ìdajì ọjọ́, ẹ tún fi sílẹ̀ fún ọjọ́ kan, ẹ wò ó bó ṣe rí lára yín, kẹ́ ẹ mọ wákàtí tó ti ń le jù. Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ inú bàálù lẹ ti máa kọ́kọ́ dán an wò. Òùngbẹ yẹn, bó ti wù kó le tó, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló máa ń fi ga jù kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀. Ẹ dìde, ẹ rìn, ẹ mu omi, ẹ pe ìyàwó yín. Kẹ́ ẹ sì sọ fún ẹnì kan tẹ́ ẹ jọ ń lọ kọ́ọ̀sì pé ẹ ò mu sìgá mọ́, kó má lọ fi páálí tiẹ̀ lọ̀ yín níta lásìkò ìsinmi.

Kò_Séwu:

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun, ọ̀rọ̀ pátíìsì yìí, èmi náà ò mọ̀ pé èèyàn lè lò ó pọ̀ mọ́ ṣingọ́ọ̀mù. Ẹ̀gbọ́n, mo mú ọ̀rọ̀ mi àkọ́kọ́ kúrò. Mi ò ronú kan ti iṣẹ́ yín.

Arìnrìnàjò_Kékeré:

Mo padà wá jíṣẹ́. Mo ti lọ rí dókítà, wọ́n fún mi ní pátíìsì ti wákàtí 24 àti ṣingọ́ọ̀mù 4 mg tí màá lò nílé kí n tó gbéra. Ọjọ́ kẹwàá rèé tí mo ti ń dán an wò. Ọjọ́ kejì burú, mo jágbe mọ́ ọmọ mi lórí nǹkan tí kò tó nǹkan, mo ní láti padà lọ bẹ̀ ẹ́. Láti ọjọ́ karùn-ún ó ti ń rọlẹ̀. Nọ́ọ̀sì wa, òótọ́ lẹ sọ nípa rírún ṣingọ́ọ̀mù, ti tẹ́lẹ̀ tí mo rà lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, mo rún un bí ewúrẹ́, ìyẹn ni ikùn fi ń ru mí.

Mi ò ní mú vape lọ, ì báà ṣe ẹyọ kan. Ìyàwó mi ti bá mi tú gbogbo àpò báàgì yẹn wò, ó rí bátìrì kan nínú àpò ẹ̀gbẹ́ tí èmi fúnra mi ti gbàgbé. Ohun tó kù tí mo fẹ́ bèèrè lọ́wọ́ Bàbá ni pé, báwo ni kí n ṣe kó o pa mọ́ sílé fún ọ̀sẹ̀ méjì?

Bàbá_Bátìrì:

Inú mi dùn gan-an. Ẹ yọ bátìrì kúrò nínú ẹ̀rọ, ẹ má kó o pa mọ́ ní kíkún fọ́fọ́, ẹ má jẹ́ kó gbẹ tán náà, ìdajì ló dáa. Inú àpò ike ẹ̀ ni kó wà, níbi tó tutù, tí oòrùn ò pa, kó má sí lórí ṣájà. Ẹ da júùsì inú táǹkì nù, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ.

Júùsì inú ìgò ni kẹ́ ẹ fún ní àyè tó lágbára jù. Májèlé ni nicotine jẹ́ fún ọmọdé, ìwọ̀nba díẹ̀ tó bá gbé mì lè ṣe é léṣe gan-an, òórùn èso tí wọ́n fi sínú ẹ̀ sì máa ń fa ọmọ mọ́ra. Ẹ wò ó pé ọmọrí ẹ̀ dé dáadáa, ẹ tì í mọ́ ibi tó ní kọ́kọ́rọ́, kẹ́ ẹ fi kọ́kọ́rọ́ lé ìyá wọn lọ́wọ́.

Arìnrìnàjò_Kékeré:

Mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ lálẹ́ yìí, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ìyàwó mi. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni bàálù gbéra. Màá jáde lọ wòran ní Singapore.